Gbogbo Gbèsè La Mọ̀ Ọ́n Gbà, Àfi Ti Bàbá Ọmọ

Ìyá alákàrà kan wà ní Mọ́kọ́lá, kò jìnnà sí ilé tí mo ń gbé. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, epo rẹ̀ ti gbóná, àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a fẹ́ wọ Micra gba Ṣáńgo lọ sí Poly àti UI ti tò síwájú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọdún kìíní ni mo ti ń ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, lọ́jọ́ kan tí ọjà ti ń tán lọ, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ àpò owó rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó o mọ̀wé, bá mi wo èyí."

Ìwé ìdájọ́ ni. Ó ti ká a sí mẹ́rin, epo ti ràn án. Kóòtù ìbílẹ̀ kan ló tú ìgbéyàwó òun àti ọkọ rẹ̀ ká ní ọdún 2019. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ méjèèjì máa gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn, kí bàbá máa san ₦10,000 lóṣooṣù fún oúnjẹ wọn, kó sì máa san owó ilé ẹ̀kọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló san án," ó ní. "Láti ìgbà yẹn, kò gbé fóònù mi mọ́." Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Ṣé ìwé yìí ṣì ń ṣiṣẹ́?"

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo rí nǹkan míì. Òṣìṣẹ́ àwọn tó ń yá wọn lówó, àwọn tí gbogbo ọjà mọ̀ sí gbọ́múlélántà, dé sí ìdí agbada rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìyá yìí fi pẹ́. Wọ́n pe àwọn obìnrin tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn lójú, kò sì sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀ títí tí owó fi pé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà ni gbogbo ariwo yẹn dá lé lórí.

Ẹ bá mi ṣírò. Ká tiẹ̀ ka ọgọ́ta oṣù péré fún bàbá àwọn ọmọ, ₦600,000 ni gbèsè rẹ̀, láìka owó ilé ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ìyàwó tó jẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ kò rí oorun sùn. Ọkọ tó jẹ ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún ń sùn, ó ń hanrun.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún mi pé a kò mọ bí a ṣe ń gba gbèsè nílẹ̀ yìí. Gbogbo gbèsè la mọ̀ ọ́n gbà. Èyí tí ọkọ àná jẹ ìyá ọmọ rẹ̀ nìkan la fi sílẹ̀ fún àánú ẹni tó jẹ ẹ́.

Ológò àti owó orí

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn díẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé bí àwọn baba wa ṣe ń gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni tó bá ya olórí kunkun. Ológò ni wọ́n ń rán sí i. Ológò á wọ ilé ajigbèsè, á jókòó síbẹ̀, á máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu, á mú adìyẹ tó bá rí, kò sì ní dìde títí owó á fi jáde. Ibẹ̀ la ti ń sọ pé wọ́n dógò ti ènìyàn. N kò sọ pé ká dá ológò padà o, nítorí ìyà ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ máa ń pọ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rántí pé àwọn baba wa kì í fi gbèsè sílẹ̀ kí wọ́n ní "Ọlọ́run á dá a."

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé tí wọ́n gbé kóòtù ìbílẹ̀ kalẹ̀, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wà lára ohun tó kún ibẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ kọ ọkọ, ọ̀rọ̀ owó orí ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Òun, tàbí ẹbí rẹ̀, tàbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ló máa dá owó náà padà fún ọkọ àkọ́kọ́. Kóòtù ló ń ṣírò rẹ̀, kóòtù ló sì ń rí i pé ó dé ọwọ́ ọkọ. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe àṣẹ kan lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti máa lò. Ọ̀rọ̀ dídá owó orí padà wà nínú rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Nígbà tí owó ń ti ọwọ́ obìnrin lọ sọ́wọ́ ọkùnrin, kóòtù mọ owó kà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yí padà, tí ọkùnrin wá di ẹni tó yẹ kó máa san nǹkan, kóòtù kọ ọ́ sínú ìwé, ó lu òòlù, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ìròyìn láti kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, níbi tí Olóyè Adémọ́lá Ọ̀dúnadé ti fìgbà kan rí jẹ́ ààrẹ kóòtù, ẹ mọ bí ìròyìn náà ṣe máa ń lọ. Wọ́n á sọ ẹ̀sùn tí ìyàwó fi kan ọkọ àti èyí tí ọkọ fi kan ìyàwó, a ó rẹ́rìn-ín. Ní ìparí, gbólóhùn kan á wà pé kí bàbá máa san iye báyìí lóṣù fún oúnjẹ ọmọ. Ibẹ̀ ni ìròyìn máa ń tán sí. N kò tíì rí akọ̀ròyìn tó padà lọ lẹ́yìn ọdún kan láti béèrè bóyá wọ́n san án.

Kí ni òfin sọ?

Mo lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń ka òfin, nítorí ìbéèrè ìyá alákàrà kò jẹ́ kí n sinmi. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé irú ìgbéyàwó tí ènìyàn ṣe ló ń sọ kóòtù tó máa lọ.

Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ló máa lọ. Níbẹ̀, owó oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ ọmọ ni wọ́n sábà máa ń bù fún ìyá. Obìnrin fúnra rẹ̀ kì í rí ju owó tó máa fi kó ẹrù lọ, bó bá rí ìyẹn gan-an. Ogún ọdún tó fi dáná, tó fi bá ọkọ ṣọ́ṣọ́ọ̀bù, tó fi tọ́jú ìyá ọkọ, kò sí nínú ìṣirò.

Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ní rẹ́jísírì ìjọba, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, kóòtù gíga ni tirẹ̀, òfin Matrimonial Causes Act ti 1970 ló sì ń darí rẹ̀. Òfin yìí fún kóòtù lágbára láti ní kí ọkọ máa tọ́jú ìyàwó, tàbí kí ìyàwó máa tọ́jú ọkọ, yàtọ̀ sí ti ọmọ. Adájọ́ á wo ohun tí oníkálukú ní, agbára tó ní láti ṣiṣẹ́, àti ìwà àwọn méjèèjì. Ó lè ní kí wọ́n san owó náà lẹ́ẹ̀kan, tàbí díẹ̀díẹ̀. Ó lè ní kí ẹni tó máa san án fi ohun ìní dúró. Ó tún lè ní kí wọ́n san án fún òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó máa gbé e fún ẹni tó ni ín.

Tí ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ bá kọ̀ tí kò san ńkọ́? Òfin Sheriffs and Civil Process Act ti pèsè fún ìyẹn. Kóòtù lè pàṣẹ fún báńkì pé kí wọ́n fa owó jáde nínú àkáǹtì ẹni tó jẹ gbèsè fún ẹni tí wọ́n jẹ. Ó lè rán bélífù lọ gbé ẹrù rẹ̀ tà. Ó lè fi ìwé pè é pé kó wá ṣàlàyé ohun tó ń wọlé fún un. Tó bá hàn pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, ó lè sùn lẹ́wọ̀n.

Nítorí náà, òfin wà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ebi ń pa ló gbọ́dọ̀ padà sí kóòtù, kó san owó ìwé tuntun, kó wá agbẹjọ́rò, kó ti agbada rẹ̀ pa lọ́jọ́ ẹjọ́, kó wá máa retí pé bélífù á rí ọkọ àná nílé. Ẹni tó jẹ gbèsè kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ju kó dákẹ́ lọ.

Ẹ rántí 1958 tí mo mẹ́nu bà lókè. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó jẹ́ kí kóòtù lè sọ fún ọ̀gá ibi iṣẹ́ ọkùnrin pé kó máa yọ owó ìtọ́jú sílẹ̀ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lónìí, òbí tí gbèsè owó ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ bá ti ju $2,500 lọ, ìjọba kò ní fún un ní páṣípọ́ọ̀tù. Àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ràn ọmọ jù wá lọ. Wọ́n kàn gbé wàhálà náà kúrò lọ́rùn ìyá, wọ́n gbé e lé ìjọba lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì rò pé ẹni tó bá ti jápa ti bọ́, ẹ dúró ná. Òfin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1920 tó jẹ́ kí wọ́n lè mú àṣẹ owó ìtọ́jú láti àwọn orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n jọ ní àdéhùn ṣẹ níbẹ̀. Nàìjíríà wà lára wọn. Ọ̀nà rẹ̀ gùn, ìwé rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà.

Àwáwí tí mo ti gbọ́

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú yàrá wa, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbaná. Ẹ jẹ́ kí n dá àwọn ọ̀rẹ́ mi lóhùn ní gbangba.

Èyí àkọ́kọ́ ni pé, "Owó kò sí nílùú." Òótọ́ ni. Àwọn bàbá kan wà tí wọ́n jí lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ ti bọ́. N kò fẹ́ kí wọ́n ju irú wọn sẹ́wọ̀n. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n kò lè bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní, kóòtù tó pàṣẹ ṣì wà níbẹ̀. Kó lọ sọ pé agbára òun kò ká a mọ́, kí wọ́n dín in kù. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún méjì tó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó pa fóònù.

Èkejì ni pé, "Kò jẹ́ kí n rí àwọn ọmọ mi." Èyí náà máa ń ṣẹlẹ̀, ìwà tó burú gbáà ni, kóòtù sì lè bá obìnrin tó bá ṣe é wí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ yẹn. Ọmọ tí kò rí bàbá rẹ̀ ní Sátidé ṣì máa jẹun ní Sọ́ńdè.

Ẹ̀kẹta ni pé, "Ó máa fi owó náà tọ́jú ọkọ tuntun." Ẹ̀yin ará, ₦10,000! Tó bá jẹ́ pé ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù nìyẹn, gba ilé ẹ̀kọ́ lọ, san owó náà, gba rìsíìtì.

Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù, nítorí ẹnu àwọn obìnrin ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, ọmọ á wá bàbá rẹ̀ lọ. Ìyá alákàrà náà sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ òun, ẹbí bàbá máa jókòó síwájú, wọ́n máa ní, "Ìyá yín ló gbé bàbá yín lọ sí kóòtù." Mo bi í pé, ta ló ń rí sí i pé ọmọ náà jẹun títí di ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó da àkàrà rẹ̀ sódì.

Ohun tí mo rò pé a lè ṣe

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́.

Ìkíní, kí owó oúnjẹ ọmọ máa gba ọwọ́ kóòtù kọjá, kí àkọsílẹ̀ sì wà. Tí oṣù méjì bá kọjá tí owó kò wọlé, kí akọ̀wé kóòtù fúnra rẹ̀ fi ìwé pe bàbá náà, láìjẹ́ pé ìyá san kọ́bọ̀ tàbí fi orí ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí gbọ́múlélántà ń fi ìwé pélébé kan ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kóòtù kò ṣàìlè fi kọ̀ǹpútà ṣe é lóṣù.

Èkejì, kí iye owó náà máa yí padà bí ọjà ṣe ń yí padà. Ní 2019, ₦30,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ nílẹ̀ yìí. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ₦70,000, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì fọwọ́ sí ₦80,000. ₦10,000 tó wà nínú ìwé ìyá alákàrà kò tíì kúrò lójú kan. Tí bàbá náà bá tiẹ̀ ń san án déédéé láti ọjọ́ yìí wá, kò tó nǹkan mọ́. Ìyá lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n fi kún un, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló mọ̀? Ó yẹ kí adájọ́ kọ ọ́ sínú ìdájọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a ó tún un wò lẹ́yìn ọdún méjì.

Ẹ̀kẹta kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wa. Ní kíláàsì wa, a ti dáwó fún ẹni méjì tí wọn kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ san. Bàbá àwọn méjèèjì wà láyé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a dá yẹn, gbèsè bàbá wọn la bá wọn san. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ó wà nínú yàrá wa, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè.

Bí o bá mọ ìyá kan tó wà nírú ipò yìí, ohun tó o lè ṣe nìyí. Ní kó gba ẹ̀dà ìdájọ́ náà tí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù. Bá a ra ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ kọ oṣù tí owó wọlé àti oṣù tí kò wọlé sínú rẹ̀. Kó má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi béèrè owó rẹ́. Kó wá ibi tí ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ àti orúkọ báńkì rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ máa ń já sí. Lẹ́yìn náà, kó má dá nìkan lọ. Women's Law Clinic wà ní ẹ̀ka òfin Yunifásítì Ìbàdàn láti 2007, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti olùkọ́ wọn ti ń ran àwọn obìnrin tí kò lówó agbẹjọ́rò lọ́wọ́. Legal Aid Council náà ní ọ́fíìsì n'Íbàdàn. Láti Mọ́kọ́lá sí UI, owó Micra kan ni.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọmọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi. Nínú wa ni àwọn ọkọ àná ọ̀la wà. Kò sẹ́ni tó ń gbèrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbèrò rẹ̀ lójú ìyá alákàrà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ lè kọ ìyàwó. Òfin gbà yín láàyè. Kò sí kóòtù kankan tó lè bá yín kọ ọmọ.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ ìyá náà. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, ìwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tún un ká dáadáa, ó fi ọ̀rá wé e. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kò sí àkàrà ní ìdí agbada yẹn. Ó ti lọ gba ẹ̀dà ìdájọ́ rẹ̀. Ebi pa wá dé kíláàsì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ráhùn.